SystemRescue: bí mo ṣe fi kó fáìlì jáde lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó kọ̀ tí kò wọ Windows mọ́

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí, torí ẹni tó bá ń wá irú nǹkan báyìí, àyà rẹ̀ ti já ná. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ṣì ń tan, tí fáànù rẹ̀ ń yí, àmọ́ tí kò wọ inú Windows mọ́, ẹ má tíì sọ pé fáìlì ti lọ. SystemRescue lè bá yín kó wọn jáde, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ojú rẹ̀ tó le ló gba ìràwọ̀ kan yòókù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ni SystemRescue, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń gbé ka orí kọ̀ǹpútà kó máa fi ṣiṣẹ́ òòjọ́. Irinṣẹ́ àtúnṣe ni wọ́n kó kún inú rẹ̀. Orí fláṣì ni ẹ máa kọ ọ́ sí, ẹ ó ki fláṣì náà bọ ara kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ ó sì tan kọ̀ǹpútà láti orí fláṣì yẹn. Windows tó ti dojú rú kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á mọ̀ ọ́n sí SystemRescueCd, láti ayé ìgbà tí gbogbo wa ṣì ń fi sídì tan kọ̀ǹpútà. Ọdún 2020 ni wọ́n yọ Cd kúrò nídìí orúkọ rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí mo lò ó fún, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Aránṣọ ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, dísìkì 500GB ló sì wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n gbogbo oníbàárà wọn ló wà níbẹ̀, oníbàárà kan fáìlì Excel kan: àyà, ìbàdí, èjìká, gígùn apá, àti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí “kò fẹ́ kí ọrùn fún òun”. Àwòrán aṣọ tí wọ́n ti rán náà wà níbẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni pé á gbé àmì Windows wá, á ṣe bí ẹni fẹ́ wọlé, ojú búlúù á yọ fìrí, á tún ara rẹ̀ tàn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó wá SystemRescue kiri, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà náà ná. Mo wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbéra), mo rí i pé ọjọ́ ibẹ̀ ti sá padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ CR2032, fólítì mẹ́ta ni, òun ló ń bá BIOS rántí ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná lára kọ̀ǹpútà. Bó bá kú, kì í ṣe aago nìkan ló máa ń dàrú. Ètò tí BIOS fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ lè yí kúrò ní AHCI sí IDE, Windows tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí AHCI á wá dé bẹ̀, kò ní rí dísìkì tó yẹ kó ti gbéra, á sì gbé ojú búlúù wá tòun ti 0x0000007B. Nọ́ńbà tó wà lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Mo pààrọ̀ bátìrì, mo dá AHCI padà, ojú búlúù sì lọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé dísìkì tí kò ṣe nǹkan kan lè di ohun tí wọ́n ń gbé jù sí ààtàn nítorí bátìrì tí kò tóbi ju bọ́tìnì kóòtù lọ.

Ẹ̀yin tí tiyín kò tilẹ̀ gbé àmì kankan wá, tó kàn ń ké píì, píì, RAM, pátákó ìrántí kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ rọra nu ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí á fi wọlé dáadáa. Ẹ wo àwọn capacitor orí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú, àwọn ohun rìbìtì bí agolo kékeré. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti wú, iṣẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná jó irin mọ́ bọ́ọ̀dù ni, SystemRescue kò mọ nǹkan kan sí i.

Ti ẹ̀gbọ́n mi kò parí síbi bátìrì. Windows bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró gbagidi, iná dísìkì kò sì ṣẹ́jú. Nígbà tí mo tún un tàn, ó ní òun fẹ́ yẹ dísìkì wò, ó ní bí n kò bá fẹ́, kí n tẹ bọ́tìnì kan kí àwọn ìṣẹ́jú àáyá tó ń kà sẹ́yìn tó pé. Mo sáré tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ ẹ́. chkdsk tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yẹn kò bìkítà fún fáìlì yín. Kí àkọsílẹ̀ inú dísìkì bára mu ló ń wá, fáìlì tó bá sì ń dí i lọ́wọ́, á gé e dànù. Lára dísìkì tó yè, kò burú. Lára dísìkì tó ń kú lọ, ó máa ń kọ nǹkan tuntun lé orí ohun tí ẹ ń wá, á sì tún fi iṣẹ́ àṣekára kún ìyà dísìkì.

Ibẹ̀ ni SystemRescue ti wọlé. Mo lọ sí orí kọ̀ǹpútà mìíràn, mo wa ISO rẹ̀ jáde (fáìlì kan tí wọ́n di gbogbo rẹ̀ sí), mo fi sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Rufus kọ ọ́ sórí fláṣì. Ohunkóhun tó bá wà lórí fláṣì náà tẹ́lẹ̀ á pa rẹ́ o. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wá bọ́tìnì tí ẹ lè fi yan ibi tí kọ̀ǹpútà á ti tan: F12 ni lára òmíràn, Esc tàbí F2 tàbí Delete ni lára òmíràn. Àwọn kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ púpọ̀ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ pa Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan láti orí ohun tí kò bá mọ̀. Ti àtijọ́ gan-an tó jẹ́ 32-bit kò lè gbé ti ìsinsìnyí.

Bó ṣe ń ṣí ni ìràwọ̀ kan yẹn ti já bọ́. Ojú dúdú, lẹ́tà funfun tó ń sáré lọ sókè, lẹ́yìn náà ìlà kan tó dúró tó ń retí pé kí ẹ sọ nǹkan. Kò kí yín, kò bi yín léèrè ohun tó ń dùn yín. Ẹ tẹ startx, ẹ tẹ Enter, ojú tó ní fèrèsé tó ṣe é fi mouse tẹ̀ á yọ, àmọ́ àwọn irinṣẹ́ tó lágbára jù nínú rẹ̀, orí ìlà dúdú náà ni wọ́n ṣì ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, wọ́n ní, “Àbúrò, ṣé o ò tíì bà á jẹ́ báyìí?”

Mo ní n kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Òótọ́ sì ni, ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyẹn. SystemRescue kì í fọwọ́ kan dísìkì tí ẹ kò bá ní kó fọwọ́ kàn. Ó rí i, ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ẹ so irú dísìkì bẹ́ẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà Windows mìíràn, kí ẹ tó pajú dé, Windows ti ń kọ nǹkan sí i lára.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo pa ni lsblk, kí n lè mọ èwo ni èwo. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Dísìkì inú, dísìkì ìta tí ẹ fẹ́ kó fáìlì sí, àti fláṣì, gbogbo wọn ló ń jẹ́ sda, sdb, sdc, kò sì sí orúkọ ẹni tó ni wọ́n lára wọn. Bí wọ́n ṣe tóbi tó ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀. Dísìkì 500GB, 465.8G ni lsblk máa pè é, torí ọ̀nà tó ń gbà ka nǹkan yàtọ̀ sí ti àwọn tó kọ nọ́ńbà sára páálí. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dààmú yín.

Lẹ́yìn náà, smartctl -a /dev/sda. Èyí ni dísìkì fi ń jẹ́wọ́ àìsàn rẹ̀. Lókè, ó kọ PASSED gàdàgbà, ẹni tí kò bá mọ̀ á dúró síbẹ̀, á máa dúpẹ́. Ẹ sún sísàlẹ̀, níbi tí àtẹ wà, ẹ wá ìlà 5, 197 àti 198. Ìlà 5 ń sọ iye sẹ́kítọ̀ (àwọn ìdá kéékèèké tí wọ́n pín ojú dísìkì sí) tí dísìkì ti pa tì tó sì ti fi àpà mìíràn dí. 197 ń sọ èyí tó ṣòro kà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ìdúró. 198 ni èyí tó yẹ̀ wò tí kò rí kà. Òdo ló dára kí ẹ rí níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi lé ní ọgọ́rùn-ún níwájú 197. PASSED náà kò sì yí padà.

Wàyí o, ddrescue. Bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú SystemRescue kí n fi ìyókù sílẹ̀, òun ni màá mú. GNU ddrescue ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó da gbogbo dísìkì kọ bó ṣe wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sínú fáìlì ńlá kan lórí dísìkì mìíràn. Ẹ ó sọ pé ìyẹn ò le. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọwọ́ lásán kọ́pì fódà kúrò lórí dísìkì tó ní sẹ́kítọ̀ kíkú: á dé ibi tí kò rí kà, á dúró, á máa gbìyànjú, á máa gbìyànjú, dísìkì á máa gbóná, gbogbo èyí tó yè níwájú á sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó kà á. ddrescue kì í bá ohun tó le jà. Bó bá ti kan ibi tó bàjẹ́, á fò ó, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fo ibí, á sì tẹ̀ síwájú lọ kó èyí tó rọrùn. Ìgbà tó bá kó gbogbo èyí tó rọrùn tán ló tó padà wá síbi tó le, á gé etí rẹ̀, á họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí dísìkì bá máa kú lọ́wọ́ yín, ó kéré tán ó ti gbé èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ kó tó kú.

Bí mo ṣe pàṣẹ rẹ̀ nìyí, lẹ́yìn tí mo ti mú dísìkì ìta wá sí /mnt/ita:

ddrescue -d -n /dev/sda /mnt/ita/aranso.img /mnt/ita/aranso.map

-n yẹn ń sọ fún un pé kó má tíì lọ họ ibi tó bàjẹ́. Nígbà tó parí, mo tún un pa, mo yọ -n, mo fi -r3 sí i, kó lè padà lọ gbìyànjú ibi tó ṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Fáìlì .map ni ìwé ìrántí rẹ̀. Bí iná bá lọ, tàbí tí ẹ fẹ́ lọ sùn, tí ẹ tẹ Ctrl+C, ẹ tún ìlà kan náà yẹn pa lọ́jọ́ kejì, ibi tó dúró sí ni á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa .map náà rẹ́, ẹ má sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ohun méjì lè dá yín dúró. Àkọ́kọ́, fáìlì .img náà á tóbi tó dísìkì yín, kódà bí ìdajì dísìkì bá ṣófo. Ìkejì, bí ọ̀nà tí wọ́n fi ṣètò dísìkì ìta bá jẹ́ FAT32, kò lè gba fáìlì kan tó ju 4GB lọ, iṣẹ́ á sì já láàárín ọ̀nà. Kí ó jẹ́ NTFS tàbí exFAT tàbí ext4 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú ddrescue nígbà tó ń ṣiṣẹ́ kò ju ìlà mélòó kan lọ, àmọ́ èèyàn lè jókòó tì í bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. pct rescued ń gòkè, current rate ń sọ bó ṣe ń yára sí. Ó sáré dáadáa, ó kọjá ìdajì, lójijì ó wá wálẹ̀ dé kB mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń rìn bí ẹni pé kò fẹ́ rìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń yọjú wá wò ó láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n á ka nọ́ńbà náà sókè, wọ́n á padà lọ. Ó fò kúrò níbẹ̀, ó tún gbéra. Níkẹyìn ó dúró sí 99.99%. Láti ìgbà yẹn, a yọ dísìkì àtijọ́ náà kúrò lára kọ̀ǹpútà, a kò fọwọ́ kàn án mọ́. Gbogbo iṣẹ́ tó kù, ara .img ni a ti ṣe é.

TestDisk ló kàn, irinṣẹ́ tó ń wá ìpín àti fáìlì inú dísìkì. Ó lè ṣí .img tààrà: testdisk aranso.img. Á bi yín ní irú tábìlì ìpín (àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín dísìkì) tí dísìkì ní, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń dábàá èyí tó tọ́. Ẹ yan Analyse, lẹ́yìn náà Quick Search. Nígbà tí ìpín bá yọ, ẹ tẹ P, àwọn fáìlì á tò síwájú yín tòun tòrúkọ. Ẹ tẹ a kó lè yan gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ C ńlá kó lè kọ́pì. Bọ́tìnì kan wà níwájú tó ń jẹ́ Write, tó máa ń kọ tábìlì ìpín tuntun. Bó bá jẹ́ fáìlì nìkan ni ẹ ń wá, kò kàn yín. Àwòrán aṣọ, ìwé owó, fọ́tò àwọn ọmọ, gbogbo wọn jáde pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ wọn. Inú wa dùn.

Fódà tí ìwọ̀n wà nínú rẹ̀ wá ṣí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nínú gbogbo ibi tí sẹ́kítọ̀ kíkú lè bọ́ sí, orí àtòjọ fódà yẹn àti ti àwọn fáìlì inú rẹ̀ gan-an ló bọ́ sí. Fáìlì fúnra wọn wà, ẹni tó mọ ibi tí wọ́n wà ló kú.

PhotoRec ni wọ́n ṣe fún irú èyí. Ọwọ́ kan náà ló ṣe òun àti TestDisk, Christophe Grenier, àmọ́ ìṣesí wọn yàtọ̀. PhotoRec kì í béèrè àtòjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Sẹ́kítọ̀ sí sẹ́kítọ̀ ló ń ka dísìkì lọ, ojú fáìlì ló sì fi ń dá a mọ̀. Àwòrán JPEG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FF D8 FF, Excel àtijọ́, .xls, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D0 CF 11 E0. Bó bá ti rí irú orí bẹ́ẹ̀, á gbé ohun tó tẹ̀ lé e jáde. Mo ní kó wá irú fáìlì Office bíi Word àti Excel nìkan, kó má baà kó gbogbo àwòrán kéékèèké inú Windows lé mi lórí. Ó kó àwọn fódà tó ń jẹ́ recup_dir.1, recup_dir.2 jáde, fáìlì kún inú wọn bámúbámú.

Orúkọ wọn wá ńkọ́? f0839216.xls. f0839344.xls. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Orúkọ fáìlì wà lọ́wọ́ àtòjọ tó kú, PhotoRec kò sì lè mọ̀ ọ́n. Orúkọ fáìlì sì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń dá oníbàárà mọ̀. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀. Ìṣòro tó tóbi jù lára PhotoRec nìyí, ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dunnú. Fáìlì ńlá tó fọ́n ká lórí dísìkì náà lè jáde ní àbọ̀, àmọ́ Excel kéékèèké bí ti wọn kì í sábà fọ́n.

A jókòó. Mo ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo nọ́ńbà.

“Àyà 44, ìbàdí 50, apá kúkúrú. Ìyá Ìbejì nìyẹn. Kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Èyí ńkọ́?”

“Èjìká ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Tíṣà ni. Wọn ò mọ̀ pé mo mọ̀.”

Àwọn kan wà tí wọ́n wò títí, tí wọn kò rántí, a fi wọ́n sí fódà ọ̀tọ̀. Àmọ́ èyí tí wọ́n dá mọ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè ṣe apá yìí.

Mo tún dán sọ́fítíwíà ìgbàpadà kan tó ń gba owó wò lára .img kan náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ dára, bọ́tìnì rẹ̀ ń dán. Ó fi àtẹ fáìlì hàn mí, mo tẹ bọ́tìnì ìgbàpadà, ó ní kí n sanwó ná. Ìyẹn kò bí mi nínú, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sí ibì kankan tó ti kìlọ̀ fún èèyàn pé kó má gbé òun ka orí dísìkì tí fáìlì ti sọnù gan-an. Ní ti fáìlì ìwọ̀n, orúkọ kan náà tí kò nítumọ̀ lòun náà fi pè wọ́n.

Ibi tí SystemRescue kò lè dé wà. Bí dísìkì yín bá ń dún kán, kán, kán, ó ṣeé ṣe kí orí tó ń kà á ti bàjẹ́, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá tún fi yí ló lè máa ha ojú rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣí dísìkì nínú yàrá tí eruku kì í wọ̀ ni. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní kí ẹ gbé e sínú fírísà, omi ló máa hù sí i nínú. Bó bá jẹ́ SSD ni, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín pa fáìlì rẹ́, TRIM, àṣẹ tó ń sọ ibi tí kò wúlò mọ́ fún SSD, ti lè gbá ibẹ̀ mọ́, kò ní sí ohun tí PhotoRec máa rí. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, bá sì ti ti dísìkì pa, ẹ wá nọ́ńbà onídíjíìtì 48 tí wọ́n fi ń ṣí i jáde kí ẹ tó dá ara yín lágara. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Mo sì ní láti sọ èyí kí n má baà tan yín: bí smartctl bá fi hàn pé dísìkì yín yè kooro, tó jẹ́ Windows nìkan ló dàrú, SystemRescue ti pọ̀ jù fún yín. Ẹ kọ Linux Mint sórí fláṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ láì gbé e kalẹ̀ sórí dísìkì, ẹ ṣí dísìkì yín bí ẹ ṣe ń ṣí fódà, ẹ wọ́ fáìlì yín sórí dísìkì ìta. Ó tán. Ẹni tí dísìkì rẹ̀ ń kú lọ ni mo ń kọ èyí fún.

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tó yẹ kí wọ́n fi kún SystemRescue, ojú ìwé àkọ́kọ́ kan ni màá tọrọ, tó máa sọ pé: dísìkì wọ̀nyí ni mo rí, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó nìyí, èyí ló ń ṣàìsàn, ṣé kí n da á kọ? Gbogbo ohun tó máa fi dáhùn ti wà nínú rẹ̀. Ìwé ìlò ddrescue dára, àpẹẹrẹ àṣẹ wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ lé. Ẹ kà á lórí fóònù kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà náà, torí ìlà dúdú yẹn kò ní dá yín lóhùn.